Nígbà Tí Ọ̀kan Nínú Tọkọtaya Bá Ní HIV, Tí Ìkejì Kò Ní: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìbéèrè tí àwọn tọkọtaya ń bi wá léraléra ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn abúlé tó yí i ká la kó jọ síbí. Èyí tó bá kàn yín ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Báwo ni ọ̀kan ṣe máa ní in tí ìkejì ò ní ní in, nígbà tó jẹ́ pé orí bẹ́ẹ̀dì kan náà la jọ ń sùn?

Ó wọ́pọ̀ dáadáa. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí èèyàn bá bá ẹni tó ní kòkòrò yìí lò pọ̀ ló máa ń ráyè wọlé. Bí ọkùnrin tó ní in, tí kò lo oògùn, bá bá obìnrin tí kò ní in sùn láìlo kọ́ńdọ̀mù, ìṣirò àwọn onímọ̀ ni pé nínú 10,000 ìgbà, bíi 8 ni kòkòrò máa kọjá. Bó bá jẹ́ obìnrin ló ní in, bíi 4 ni. Ìṣirò gbogbogbòò nìyẹn o. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan máa ń ní in rẹpẹtẹ nínú ẹ̀jẹ̀, egbò ojú ara máa ń là á lọ́nà, ìbálòpọ̀ láti ihò ìdí sì léwu ju èyí tí a ṣírò yìí lọ fíìfíì.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé "ẹ̀jẹ̀ mi kọ̀ ọ́." Kò sí jínótáìpù tàbí irú ẹ̀jẹ̀ tó ń lé HIV, ì báà jẹ́ AA, ì báà jẹ́ O. Ẹni tó yọ nígbà 200 lè kó o nígbà 201.

Ṣé èyí fi hàn pé ẹnìkan nínú wa ti yan àlè ni?

Àyẹ̀wò ò lè sọ ìyẹn. Kò mọ ọjọ́ tí kòkòrò wọ ara, kò sì mọ ẹni tó gbé e wá. Kòkòrò yìí lè wà lára fún ọdún 8 tàbí 10 kí àìsàn kankan tó yọjú, nítorí náà ó lè ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó mọra.

Nǹkan kan wà tó ń ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́: ẹni tó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò ni wọ́n ń mú bí ẹni tó kọ́kọ́ kó o. Obìnrin ló sábà máa ń rù ú, torí pé ilé ìtọ́jú aláboyún ni wọ́n ti máa ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ọkọ ò sì tíì dé ibẹ̀ rí.

Ṣé a ṣì lè jọ jẹun, ká fẹnu kora, ká lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan náà?

Ẹ máa ṣe gbogbo rẹ̀. Itọ́, òógùn, ẹ̀fọn, abọ́ àmàlà, ife omi, aṣọ ìnura, kò sí èyí tó ń gbé e. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ jọ lò ni nǹkan tó ń kan ẹ̀jẹ̀: abẹ, résà, abẹ́rẹ́, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín. Bí ẹ bá fẹ́ sín gbẹ́rẹ́, kálukú mú abẹ tuntun tirẹ̀ lọ, kó sì rí i pé iwájú òun ni wọ́n ti tú u.

Wọ́n ní ẹnìkejì mi ò ní in. Ṣé ká fọkàn balẹ̀ sí èsì yẹn?

Ẹ fi oṣù mẹ́ta sí i. Àyẹ̀wò kíákíá tí wọ́n ń gún ní ìka kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ohun tí ara fi ń bá a jà ló ń wá, ìyẹn sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí dé oṣù mẹ́ta kó tó pọ̀ débi tí yóò hàn. Ẹ tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà tí ẹ lò pọ̀ kẹ́yìn láìsí ààbò. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tí kò ní in máa ṣe é ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Bó bá ń lo PrEP (oògùn tí ẹni tí kò ní in ń lò kó má baà kó o), oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni.

Àyẹ̀wò onítọ́ tí èèyàn lè ṣe fúnra rẹ̀ nínú ilé dára, ṣùgbọ́n wọ́n ń ṣì í ṣe. Má jẹ, má mu fún ìṣẹ́jú 15 ṣáájú. Fi ẹnu ọ̀pá náà ra ẹran ìdí eyín òkè lẹ́ẹ̀kan, àti ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí o tì í bọ inú omi rẹ̀, kí o sì kà á láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 40. Bó bá ti kọjá 40, èsì yẹn ti bàjẹ́. Ìlà méjì, tó ń sọ pé ó ṣeé ṣe kí kòkòrò wà, ò tíì parí ọ̀rọ̀, ọsibítù ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Kí ẹni tó ti ń lo oògùn HIV má fi èyí yẹ ara rẹ̀ wò láé, torí ó lè purọ́ fún un pé kòkòrò ti lọ.

Níbo la ti lè gba ìtọ́jú?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ lọ sí ọsibítù ẹ̀kọ́ṣẹ́ LAUTECH tàbí ti Bowen, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní ọsibítù Bàbítíìsì. Oògùn HIV fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n lè gba owó káàdì tàbí ti àwọn àyẹ̀wò mìíràn, ẹ béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó jókòó.

Ọ̀pọ̀ máa ń ro pé ojúlùmọ̀ á rí àwọn, wọ́n á wá gba Ìlọrin tàbí Ọ̀yọ́ lọ. Kò burú, àmọ́ owó ọkọ̀ ló sábà máa ń dá wọn dúró nígbà tó bá yá. Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní oògùn oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò níbi kan lọ sí ibòmíràn, ẹ gba ìwé ìgbésẹ̀kúrò. Ẹ má forúkọ sílẹ̀ níbi méjì.

Oògùn wo ni ẹni tó ní in ń lò, báwo ló sì ṣe yẹ kó lò ó?

Èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà báyìí ni TLD: hóró kan lójúmọ́, tó ní tenofovir 300 mílígíráàmù, lamivudine 300 àti dolutegravir 50 nínú. Èèyàn lè jẹun kó tó lò ó, ó sì lè má jẹun. Ẹ mú wákàtí kan pàtó. Bẹ́ ẹ bá gbàgbé, ẹ lò ó bẹ́ ẹ bá ti rántí, àfi bí àkókò tó kù sí ìgbà tó kàn kò bá tó wákàtí mẹ́rin. Nígbà yẹn, ẹ fo èyí tẹ́ ẹ gbàgbé. Ẹ má lo méjì pa pọ̀.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ láìjẹ́ pé ẹnìkan mọ̀ ni oògùn mìíràn. Oògùn inú olómi funfun tí wọ́n ń mu fún ọgbẹ́ inú máa ń di dolutegravir mú nínú ikùn, kò ní jẹ́ kó wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ lo TLD ní wákàtí méjì ṣáájú rẹ̀ tàbí wákàtí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ oní-áyọ́ọ̀nù àti kálísíọ́ọ̀mù tí wọ́n ń fún aláboyún náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àfi bí ẹ bá jọ lo méjèèjì pẹ̀lú oúnjẹ. Ẹni tó ń lo rifampicin fún ikọ́ ife nílò dolutegravir 50 mìíràn ní wákàtí 12 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kí metformin rẹ̀ má ju 1,000 mílígíráàmù lọ lóòjọ́. Ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ ẹ ń lò fún dókítà, títí kan oògùn ara ríro tí ẹ ń rà láwẹ́láwẹ́ ní kẹ́mísì lẹ́yìn oko, torí òun àti tenofovir lè jọ di ìyà fún kíndìnrín.

Kí ni wọ́n ń pè ní "kòkòrò ò fojú hàn mọ́"?

Àyẹ̀wò kan wà tó ń ka iye kòkòrò tó wà nínú mílílítà ẹ̀jẹ̀ kan. Bí oògùn bá ń ṣiṣẹ́, iye yẹn á máa já wálẹ̀ títí ẹ̀rọ ò fi ní rí i kà mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ ní 2023 pé ẹni tí ẹ̀rọ ò rí kòkòrò rẹ̀ mọ́, tó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, kò lè kó o ran ẹni tó ń bá lò pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ hàn ṣùgbọ́n tí kò ju 1,000 lọ, ewu rẹ̀ kéré débi pé a lè ní kò sí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán. Ìwádìí PARTNER, tí wọ́n gbé jáde ní 2016, tẹ̀ lé tọkọtaya 888 ní orílẹ̀-èdè 14 ní Yúróòpù. Wọ́n lò pọ̀ láìlo kọ́ńdọ̀mù ní nǹkan bí ìgbà 58,000. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tó kó o lára ẹnìkejì rẹ̀ tó ń lo oògùn.

Ìgbà wo la lè wá fi kọ́ńdọ̀mù sílẹ̀?

Kì í ṣe lọ́jọ́ tí ara bá yá, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ tí ẹ bá parí ìgò oògùn àkọ́kọ́. Ẹ lo oṣù mẹ́fà lórí oògùn láìfo ọjọ́, kí ẹ ṣe àyẹ̀wò iye kòkòrò, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní ìwé. Ẹ jọ kà á. "Nọ́ọ̀sì ní ó dára" kò tó, nọ́ńbà ni kí ẹ béèrè. Lẹ́yìn ti oṣù mẹ́fà, wọ́n á tún ṣe é ní oṣù 12, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìwé tó ti ju ọdún kan lọ kì í ṣe ìwé mọ́.

Bí iye náà bá ju 1,000 lọ, wọ́n á jókòó pẹ̀lú yín lórí bí ẹ ṣe ń lo oògùn fún bí oṣù mẹ́ta, wọ́n á wá tún un kà. Ní gbogbo àkókò yẹn, kọ́ńdọ̀mù tàbí PrEP padà wọlé. Ẹni tó bá sì dá oògùn dúró, kòkòrò lè kún padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, láìsí àmì kankan lójú.

Ẹ rántí pé àtọ̀sí àti rẹ́kórẹ́kó ò bá TLD ṣàdéhùn. Kọ́ńdọ̀mù nìkan ló ń gbà yín lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ní ti àrùn ẹ̀dọ̀ oríṣi B, kí ẹni tí kò ní in gba abẹ́rẹ́ àjẹsára: ọjọ́ kìíní, oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, àti oṣù mẹ́fà.

Kí ni PrEP, ta ló sì yẹ kó lò ó?

Oògùn tí ẹni tí KÒ ní kòkòrò ń lò kó má baà kó o ni. Tenofovir pẹ̀lú emtricitabine tàbí lamivudine ló wà nínú hóró rẹ̀, ọ̀kan lójúmọ́. Ó wúlò jù lásìkò tí oògùn ẹnìkejì ò tíì pé oṣù mẹ́fà, tàbí tí iye kòkòrò rẹ̀ ń gòkè sọ̀ kalẹ̀, tàbí tí ẹ fẹ́ bímọ. Ní Kenya àti Uganda, wọ́n dán an wò láàárín tọkọtaya tó ju 4,700 lọ. Èsì rẹ̀ tó jáde ní 2012 ni pé ó dín kíkó kòkòrò kù ní ìdá 75 nínú 100, ó sì tó bí ìdá 90 lára àwọn tí oògùn náà wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún HIV, fún àrùn ẹ̀dọ̀ B, kí wọ́n sì wo kíndìnrín. Obìnrin gbọ́dọ̀ lò ó fún ọjọ́ méje kó tó gbára lé e, kó sì lò ó fún ọjọ́ méje mìíràn lẹ́yìn ewu tó kẹ́yìn. Inú rírú àti ẹ̀fọ́rí lè wà lóṣù kìíní, wọ́n sábà máa ń lọ.

Ẹ má ṣe pín TLD ẹnìkejì lò. A ti ń rí i: ọkọ á ní òun ò fẹ́ kí wọ́n rí òun ní ọsibítù, á wá máa mú nínú ìgò ìyàwó. Oògùn oṣù mẹ́ta á tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìyàwó á wà láìsí oògùn, ohun tí wọ́n ń sá fún gan-an á wá dé.

Kí ló ń fa kí kọ́ńdọ̀mù máa bẹ́?

Òróró. Òrí, àdí àgbọn, Vaseline, ìpara ara, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ rọ́bà rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí a fi omi ṣe ni kí ẹ rà ní kẹ́mísì. Ẹ wo ọjọ́ tó máa bàjẹ́, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sí àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò tàbí dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́tò nínú oòrùn, ẹ má sì wọ méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ti bẹ́ ná. Kí la máa ṣe?

Bí ẹnìkejì bá ní ìwé tó fi hàn pé kòkòrò rẹ̀ ò fojú hàn, kò sí ìdágìrì. Bí kò bá ní, wákàtí 72 lẹ ní. Kí ẹni tí kò ní in gbéra lọ sí ọsibítù, lóru ni o, ní Sunday ni o, kó ní oògùn PEP (èyí tí wọ́n ń lò lẹ́yìn ewu kí kòkòrò má baà ráyè wọlé) lòún wá gbà. Bí ẹ bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó ni yóò ṣe ṣiṣẹ́ tó. Ọjọ́ 28 gbáko ni wọ́n ń lò ó. Ìjákulẹ̀ tí à ń gbọ́ léraléra ni pé onítọ̀hún dá a dúró ní ọjọ́ kẹwàá torí ó ń rẹ̀ ẹ́. Ẹ má fi ọṣẹ fọ inú ojú ara, ẹ má sì fi ọtí tàbí ọsàn wẹ̀wẹ̀ fọ̀ ọ́, ńṣe ni ìyẹn ń ha á lára.

Ọkọ ló ní in. Báwo la ṣe máa lóyún?

Bí kòkòrò rẹ̀ ò bá fojú hàn, ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà lóyún ni. Bí ọkàn ìyàwó ò bá balẹ̀, kó fi PrEP kún un. Kò léwu fún oyún.

Ohun tí wọ́n ń gbàgbé ni èyí: nígbà tí ìyàwó bá lóyún, kí wọ́n má fi àyẹ̀wò ìforúkọsílẹ̀ nìkan mọ. Kí wọ́n tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn, àti nígbà tó bá ń fún ọmọ lọ́mú. Obìnrin tó kó o nínú oyún tàbí nígbà ọmú máa ń ní kòkòrò lọ́pọ̀ yanturu lásìkò yẹn gan-an, ọmọ ló sì máa ń kọ́kọ́ kàn.

Ìyàwó ló ní in ńkọ́?

Bákan náà, kí kòkòrò má fojú hàn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ò bá lè dúró, kí ọkọ da àtọ̀ sínú ife tó mọ́, kí ẹ fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fà á, kí ẹ sì rọra tú u sínú ojú ara ìyàwó láàárín ọjọ́ tí ẹyin rẹ̀ ń jáde. Ọkọ ò kó sínú ewu kankan.

Bí ìyá ò bá lo oògùn, nínú 100 ọmọ, 15 sí 45 lè kó o. Bó bá ń lò ó, kì í tó 5. Ẹ bí ọmọ sí ọsibítù. Wọ́n á fún ọmọ ní nevirapine, oògùn HIV olómi, lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ rẹ̀ sórí pépà, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ cotrimoxazole, oògùn tó ń dènà àwọn àìsàn mìíràn. Ìgbà tó bá pé oṣù 18 ni wọ́n máa ń ṣe àyẹ̀wò àṣekágbá, tàbí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n bá já a lẹ́nu ọmú, èyí tó bá pẹ́ jù nínú méjèèjì.

Ṣé ìyá lè fún ọmọ lọ́mú?

Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, bó bá ti ń lo oògùn. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmú nìkan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ògì àti oúnjẹ mìíràn kún un, kí ọmú sì máa lọ títí ọdún kan, ó lè dé ọdún méjì.

Wàhálà ibẹ̀ ni ìyá ọkọ. Á wẹ ọmọ, á fi ọwọ́ gbá omi gbígbóná sí i lẹ́nu, á ro àgbo lé e, á ní kí inú ọmọ lè mọ́ ni. Inú ìkókó rọ̀ gan-an. Omi àti àgbo lè ha á, kòkòrò tó bá wà nínú wàrà á wá rí ibi gbà. Àdàlù ọmú àti nǹkan mìíràn yẹn ló léwu jù. Bí ẹ ò bá tíì sọ fún ìyá, ẹ ní dókítà ló fòfin de omi fún oṣù mẹ́fà. Òótọ́ sì ni, gbogbo ọmọ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún.

Mo ń gbààwẹ̀. Oògùn ńkọ́?

Ẹ sún wákàtí rẹ̀ sí sààrì tàbí ìṣínu. Bó bá jẹ́ ààwẹ̀ gbígbẹ ọlọ́jọ́ mẹ́ta ti ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ fi omi díẹ̀ lò ó lálaalẹ́. A ò tíì rí àlùfáà tó gbọ́ àlàyé tó sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó.

Wọ́n gbàdúrà fún ẹnìkejì mi, àyẹ̀wò sì ní kòkòrò ò hàn mọ́. Ṣé kó fi oògùn sílẹ̀?

Rárá. "Ò fojú hàn" kì í ṣe "kò sí mọ́." Kòkòrò sá pamọ́ sínú ara, oògùn ló tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ máa lo hóró yín. Bó bá tún ní àrùn ẹ̀dọ̀ B, fífi TLD sílẹ̀ lójijì lè mú kí ẹ̀dọ̀ wú, kó sì gba ẹ̀mí.

Ṣọ́ọ̀ṣì ní ká mú èsì wá kí wọ́n tó so wá pọ̀.

Kò sí ohun tó ní kí ẹ má fẹ́ra nínú ọ̀rọ̀ ìṣègùn. Ẹ jọ lọ ṣe é, kí ẹ gba èsì yín lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì fúnra yín, kí ẹ jókòó ti olùgbaninímọ̀ràn kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó gbọ́. Ọsibítù ò gbọ́dọ̀ gbé èsì yín fún pásítọ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i. Òfin àpapọ̀ ti 2014 lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà nítorí HIV, ó sì tún dáàbò bo àṣírí yín, títí dé ibi iṣẹ́.

Ìyàwó méjì ló wà nílé ńkọ́?

Kálukú ló ni èsì tirẹ̀. Ẹ má ṣe wò wọ́n lójú ara wọn. Bí ọkọ bá ní in tí kòkòrò rẹ̀ ò sì fojú hàn, ìyàwó méjèèjì wà láìléwu. Bó bá ṣì hàn, kí èyí tí kò bá ní in nínú wọn gba PrEP. Bó bá jẹ́ ìyàwó kan ló ní in, ọkọ ni kó kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò, torí òun ni afárá. Ilé tí wọ́n bá ti fẹ́ ṣú opó náà, kí opó àti ẹni tó fẹ́ ṣú u ṣe é ṣáájú.

Mo fẹ́ sọ fún un, àmọ́ mo ń bẹ̀rù pé á lù mí tàbí kó lé mi jáde.

Ẹ má sọ ọ́ ní ọ̀gànjọ́ òru nínú iyàrá ẹ̀yin méjì. Ẹ ní kí ọsibítù pè yín wá fún "àyẹ̀wò tọkọtaya," níbi tí wọ́n á ti ṣe é bí ẹni pé ẹ̀yin méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mọ̀ ni. Bó bá ti nà yín rí, ẹ kọ́kọ́ sọ ìyẹn fún nọ́ọ̀sì. Kò sí ẹni tó lè fipá mú yín sọ orúkọ ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ tó sọ ọ́, ẹ máa lo oògùn yín. Oògùn tẹ́ ẹ lò ti bẹ̀rẹ̀ sí í dáàbò bò ó.

Kòkòrò ẹnìkejì mi ò fojú hàn, síbẹ̀ èmi náà ti wá ní in báyìí. Báwo?

Ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí ìwé yẹn. Ìgbà wo ni wọ́n ka iye náà? Ṣé oògùn já lẹ́yìn rẹ̀, bóyá ìrìn àjò Èkó tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tó di oṣù kan? Èkejì, ṣé àyẹ̀wò tó ní ẹ ò ní in tẹ́lẹ̀ ti kọjá oṣù mẹ́ta tí a sọ lókè? Bí kò bá kọjá rẹ̀, ó lè ti wà lára yín tipẹ́. Ẹ̀kẹta, ibòmíràn: ẹlòmíràn tẹ́ ẹ bá sùn, abẹ gbẹ́rẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí wọn ò yẹ̀ wò dáadáa. Nínú ìwádìí PARTNER, àwọn mélòó kan kó kòkòrò láàárín àkókò náà, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi wé ti ẹnìkejì nínú yàrá àyẹ̀wò, kì í ṣe irú kan náà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ TLD lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tún iye kòkòrò ẹnìkejì kà. Bí ẹ bá ń lo PrEP tẹ́lẹ̀, ẹ sọ ọ́ fún dókítà, torí kòkòrò tó wọlé sórí PrEP lè ti mọ ọgbọ́n oògùn náà. Bẹ́ ẹ bá lóyún tàbí tí ọmọ wà lọ́mú, ẹ má dúró di ọjọ́ kejì: ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì gbé ọmọ dání.